Kí A Tó Kó Owó Ilé àti NIN Wa Lé Wọn Lọ́wọ́: Bí A Ṣe Ń Fi Ilé Iṣẹ́ Kan Wé Èkejì

  

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ewu kan tí ojú kì í tètè rí. Nínú wa, àwọn tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù ara wọn kò pọ̀. Púpọ̀ wa ló ń gba ṣọ́ọ̀bù, tí a sì tún ń gba ilé tí à ń gbé. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù á lọ bá lańdíọ̀dù fúnra rẹ̀, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀, á ka owó sílẹ̀, wọ́n á já rìsíìtì fún un, ó parí. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ ló ń bá ọ̀pọ̀ onílé yá ilé wọn fún èèyàn. Wọ́n á ní ká mú fọ́tò wá, ká mú NIN wá, ká mú ìwé báǹkì oṣù mẹ́fà wá, ká mú onídùúró wá pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Wọ́n á ní ká fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tàbí ká lọ kọ ọ́ sí ojú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó ilé pẹ̀lú, inú àkáǹtì la máa san án sí.

Ìbéèrè wá nìyí. Lẹ́yìn tí a bá ti kó gbogbo èyí fún wọn, ibo ni wọ́n ń kó o sí? Ta ló ń rí i? Bí àwọn olè orí kọ̀ǹpútà, àwọn tí a ń pè ní ọmọ Yahoo, bá wọ ilé iṣẹ́ náà, kí ni wọ́n máa bá níbẹ̀? Tó bá sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ méjì ló wà níwájú wa, èwo nínú wọn ni ewu rẹ̀ kéré?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé nìkan. Owó ilé ọdún kan, pẹ̀lú owó àgíríméǹtì àti owó kọmíṣọ́ọ̀nù, owó àjọ tí ẹlòmíì dá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin ni. Bí olè bá gbé e, owó tí a fi ń ra ọjà ló gbé lọ yẹn. Bí NIN àti fọ́tò wa bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi, ó lè fi orúkọ wa yá owó, ó lè fi lu ẹlòmíì ní jìbìtì, kí ọlọ́pàá wá máa béèrè wa. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ ọ.

ILẸ̀KÙN ÀTI ẸRÙ

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ewu ní ẹsẹ̀ méjì. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù méjì lọ́kàn yín. Àgádágodo èkíní ti dípẹtà, ẹni tó bá fi òkúta lù ú lẹ́ẹ̀mejì á ṣí i, àmọ́ agbọ̀n tòmátì òfìfo ló wà nínú rẹ̀. Èkejì ní ilẹ̀kùn irin, ṣùgbọ́n léèsì àti góòlù ló kún un dé àjà. Èwo ló léwu jù?

Ẹni tó bá wo ilẹ̀kùn nìkan á ní èkíní ni. Ẹni tó bá wo ẹrù nìkan á ní èkejì ni. Ẹni tó mọ ọjà á wo méjèèjì pọ̀: báwo ni ó ṣe rọrùn tó fún olè láti wọlé, tó bá sì wọlé, kí ni ó máa rí gbé? Bí a ṣe ń fi ilé iṣẹ́ kan wé èkejì náà nìyẹn. Ilẹ̀kùn ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ti kọ̀ǹpútà àti fóònù wọn pa. Ẹrù ni ìwé wa àti owó wa tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Òkè òkun la ti mú àpẹẹrẹ wọ̀nyí, nítorí pé níbẹ̀, ìjọba yẹ ilé iṣẹ́ wò tàbí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì kéde ohun tí wọ́n rí fún gbogbo ayé. A lè fi wọ́n wéra láìgbọ́ àhesọ.

ÀPẸẸRẸ KÌÍNÍ: ILẸ̀KÙN TÍ A KÒ TÌ

Ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Sergic, tó ń ta ilé, tó sì ń yá èèyàn nílé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé á fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ojú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: káàdì ìdánimọ̀, ìwé owó orí, ìwé báǹkì, kódà ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fún ẹni tó ti kọ ọkọ tàbí aya. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà sì wà nínú àdírẹ́sì náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ẹni tó bá kàn yí nọ́ńbà yẹn padà díẹ̀, ìwé ẹlòmíì ló máa rí. Kọ̀ǹpútà kò béèrè páásíwọ́ọ̀dù, kò béèrè pé "ta ni ọ́?"

Ó dà bí ibi tí a ń fi ẹrù pa mọ́ sí, tí wọ́n fún wa ní nọ́ńbà 40. Bí a bá padà dé tí a ní 41 ni tiwa, wọ́n á kàn gbé ẹrù ọlọ́ẹrù lé wa lọ́wọ́. Ìwé tó ju 290,000 lọ ló wà ní ìta gbangba nígbà náà. Ilé iṣẹ́ náà ti gbọ́ nípa rẹ̀ láti oṣù Kẹta ọdún 2018, àmọ́ oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó dí i tán, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fi ẹjọ́ wọn sun CNIL, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. CNIL tún rí i pé wọ́n ń tọ́jú ìwé àwọn tí kò tilẹ̀ rí ilé gbà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2019, wọ́n ní kí Sergic san ìtanràn 400,000 yúrò.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri ti lanu, wọ́n sì rí i, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi wò ó. Ohun tó yẹ ká mú níbẹ̀ nìyẹn.

ÀPẸẸRẸ KEJÌ: ẸRÙ TÍ A KÒ KÓ DÀNÙ

Ní ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, ilé iṣẹ́ kan ń jẹ́ Deutsche Wohnen. Nígbà náà, ilé tí wọ́n ń yá fún èèyàn ju 150,000 lọ. Nígbà tí aláṣẹ ààbò ìsọfúnni ní Berlin lọ yẹ̀ wọ́n wò ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, wọ́n rí i pé ìwé àwọn ayálégbé ti kún inú kọ̀ǹpútà, títí kan èyí tí ìwúlò rẹ̀ ti tán tipẹ́: ìwé owó oṣù, ìwé owó orí, ìwé inṣọ́ránsì ìlera, ìwé báǹkì. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó o sí kò tilẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pa á rẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n padà lọ ní oṣù Kẹta ọdún 2019, wọn ò tíì palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n bu ìtanràn mílíọ̀nù 14.5 yúrò lé wọn.

Ilé iṣẹ́ náà kò gbà, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kan ní Berlin dá a dúró ní ọdún 2021. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga Ìṣọ̀kan Yúróòpù là á yé wọn pé a lè bu ìtanràn lé ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ hàn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni tàbí pé ó dágunlá.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ilé iṣẹ́ yìí kì í ṣe pé olè wọlé. Ẹrù àtijọ́ tí wọ́n kó jọ ni. Ilé tí olè ò tíì jà kọ́ ni ilé tó láàbò. Bí ejẹ́ǹtì bá sọ fún yín pé "láti ogún ọdún tí a ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ṣe wá rí," ẹ bá a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ìwé àwọn tó ti kó kúrò láti ogún ọdún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

ÀPẸẸRẸ KẸTA: KỌ́KỌ́RỌ́ TÍ A FẸ̀TÀN GBÀ

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ RealPage kì í ṣe onílé. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń bójú tó ilé, wọ́n sì ń bá wọn gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, kí wọ́n tó darí rẹ̀ sí àkáǹtì oníkálukú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, olè fi ìméèlì ẹ̀tàn gba orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ wọn kan. Wọn ò fọ́ ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Wọ́n yí àkáǹtì tó yẹ kí owó lọ padà, owó tó ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ sì gba ọ̀nà ibòmíràn. Wọ́n rí díẹ̀ dá padà, àmọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 dọ́là wọgbó.

RealPage san owó àwọn oníbàárà rẹ̀ padà, ó sì lọ bá ilé iṣẹ́ adójútòfò, àwọn tí a ń pè ní inṣọ́ránsì. Wọ́n ní àwọn ò ní san, pé owó náà kò sí lọ́wọ́ RealPage fúnra rẹ̀ nígbà tí olè gbé e, pé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó ló wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá inṣọ́ránsì láre. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "a ní inṣọ́ránsì," kò tíì parí. Ọwọ́ ta ni owó wà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ onílé? Ìyẹn ni ká béèrè.

ÀPẸẸRẸ KẸRIN: ẸNI TÓ DÁKẸ́ NÍGBÀ TÓ YẸ KÓ PARIWO

Booking.com, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Netherlands, ń bá àwọn onílé àti oníhòtẹ́ẹ̀lì wá àlejò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, olè fi fóònù tan àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní ilẹ̀ Lárúbáwá tí a ń pè ní Emirates, wọ́n gba páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì rí ìsọfúnni àwọn èèyàn 4,109. Káàdì báǹkì èèyàn 283 wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà gbọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2019. Òfin ní kí wọ́n sọ fún ìjọba láàárín wákàtí 72. Ọjọ́ 7 oṣù Kejì ni wọ́n tó sọ. Ọjọ́ 22 ni wọ́n fi pẹ́. Ìtanràn 475,000 yúrò ni wọ́n bù lé wọn.

Bí iná bá ń jó lápá kan ọjà, àwa tí a wà lápá kejì fẹ́ tètè gbọ́, ká lè kó ẹrù wa. Ọjọ́ 22 ti tó fún olè láti fi orúkọ àwọn èèyàn pe àwọn fúnra wọn, kí ó ní òun ni onílé, kí wọ́n fi owó ránṣẹ́.

BÍ A BÁ WÁ TÒ WỌ́N SÍ Ẹ̀GBẸ́ ARA WỌN

Ẹnì kan lè sọ pé ẹni tí ìtanràn rẹ̀ pọ̀ jù ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń wo bí ilé iṣẹ́ ṣe tóbi tó kí wọ́n tó bu ìtanràn, nítorí náà ìtanràn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ní ti Sergic, ìwé wà níta tí ẹnikẹ́ni lè rí; ewu rẹ̀ sún mọ́lé jù. Ní ti Deutsche Wohnen, ẹrù pọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí olè bá rí ọ̀nà wọlé, àdánù á pọ̀. Ní ti RealPage, owó gan-an ló lọ, nítorí pé ọwọ́ kẹta ló ń gbà kọjá. Ní ti Booking.com, olè gba ẹ̀yìn wọlé, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ìdákẹ́ sì fún olè láàyè sí i.

Ẹ tún ṣàkíyèsí pé kò sí ilé iṣẹ́ kékeré nínú wọn. Gbogbo wọn ní ọ́fíìsì tó dára, gbogbo wọn lówó. Táìsì ilẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù kì í lé olè orí kọ̀ǹpútà.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN FÚN ILÉ IṢẸ́ TÀBÍ EJẸ́ǸTÌ

Láti inú àwọn àpẹẹrẹ yìí la ti yọ ìbéèrè márùn-ún. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fẹ́ gba ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀.

1. Kí ni ẹ nílò lọ́wọ́ mi, ìgbà wo lẹ sì nílò rẹ̀? Ẹni tó kàn fẹ́ wo ṣọ́ọ̀bù, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó. Ìwé ìdánimọ̀, ó di ìgbà tí a bá ti gbà láti gba ibẹ̀. Kò sí onílé tó nílò BVN wa, kò sí ẹni tó nílò PIN káàdì wa, kò sì sí ẹni tó nílò kóòdù tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa. Ẹni tó bá béèrè èyí, ẹ fura.

2. Ibo lẹ ń tọ́jú rẹ̀ sí, ta ló lè ṣí i? Ìdáhùn tó dára ni pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, pé kóòdù mìíràn tún ń wọ orí fóònù rẹ̀ kó tó lè wọlé. Ìdáhùn tí kò dára ni fóònù ọ́fíìsì kan tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí NIN gbogbo ayálégbé wà lórí WhatsApp rẹ̀.

3. Ìgbà wo lẹ máa pa á rẹ́? Bí a kò bá gba ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ ńkọ́? Bí a bá kó kúrò ńkọ́?

4. Àkáǹtì wo ni mo máa san owó sí, báwo lẹ ó sì ṣe sọ fún mi bí ó bá yí padà? Àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tàbí ti onílé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àgíríméǹtì. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn kì í fi àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan yí àkáǹtì padà.

5. Bí olè bá wọ inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù yín, ta ló máa sọ fún mi, láàárín ọjọ́ mélòó?

Ní ti ìbéèrè karùn-ún yìí, òfin wà nílẹ̀ wa náà. Ààrẹ fọwọ́ sí Òfin Ààbò Ìsọfúnni Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó o ni NDPC. Bí olè bá jí ìsọfúnni tí ó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, ilé iṣẹ́ tó sọ ọ́ nù gbọ́dọ̀ sọ fún NDPC láàárín wákàtí 72, kí ó sì sọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bí ewu náà bá pọ̀. Òfin yìí kan náà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa wa, kí wọ́n sì pa èyí tí wọn ò nílò mọ́ rẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ojú àánú là ń béèrè.

BÍ A ṢE Ń FI ÀGBÀDO KÀ Á

Ẹni tí kò mọ̀wé kà náà lè ṣe èyí. Ẹ mú ẹyọ àgbàdo. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá dáhùn tó yé yín tí wọ́n sì fi hàn yín, ẹ gbé ẹyọ méjì sílẹ̀. Bí wọ́n bá dáhùn lẹ́nu lásán, ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po tàbí tí wọ́n ń bínú, ẹ má gbé nǹkan kan sílẹ̀. Ẹyọ mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò pẹ̀lú àròsọ. Ejẹ́ǹtì kan wà tó ń lo ìwé àkọsílẹ̀ àti fóònù kan. Orúkọ, fóònù àti onídùúró nìkan ló ń béèrè: ẹyọ méjì. Àmọ́ fóònù rẹ̀ kò ní títì, gbogbo fọ́tò wà níbẹ̀: òfo. Ó ní òun máa ń ya ojú ìwé ẹni tó bá kó kúrò, a kò rí i: ẹyọ kan. Ó mú wa dé ọ̀dọ̀ onílé, àkáǹtì onílé la ó san owó sí: ẹyọ méjì. Ó ní olè kò lè wọ ọ̀dọ̀ òun: òfo. Márùn-ún péré.

Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà pẹ̀lú. Wọ́n béèrè gbogbo nǹkan, títí kan BVN, kí a tó rí ṣọ́ọ̀bù: òfo. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, wọ́n fi hàn wá: ẹyọ méjì. Wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n ń pa ìwé rẹ́: òfo. Àkáǹtì orúkọ ilé iṣẹ́ ni, ó wà nínú àgíríméǹtì pé wọn kì í fi àtẹ̀jíṣẹ́ yí i padà: ẹyọ méjì. Wọ́n fi ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìsọfúnni hàn wá, wọ́n fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀: ẹyọ méjì. Mẹ́fà.

Ẹ rí i pé wọ́n sún mọ́ra. Ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ńlá lágbára, ẹrù rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹrù ejẹ́ǹtì kò tó nǹkan, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Àǹfààní àgbàdo yìí ni pé ó ń fi ibi tó ń jò hàn wá. A lè sọ fún ilé iṣẹ́ náà pé, "A ò ní mú BVN wá, ẹ sì kọ ọ́ sínú àgíríméǹtì pé bí a bá kó kúrò, ẹ ó pa ìwé wa rẹ́." A lè sọ fún ejẹ́ǹtì pé, "Ẹ fi títì sí fóònù yín, kí ẹ sì pa fọ́tò wa rẹ́ níwájú wa." Ẹni tó bá gbà, àgbàdo rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ẹni tó bá kọ̀, a ti mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni a kò gbọ́dọ̀ fi àgbàdo mìíràn dí. Bí wọ́n bá kùnà ní ìbéèrè kẹrin, tí àkáǹtì jẹ́ ti ẹni tí a kò mọ̀, tàbí tí wọ́n ní ká retí nọ́ńbà àkáǹtì lórí WhatsApp, ẹ má kà á mọ́. Ẹ dìde. Ìwé tó sọnù lè ṣe wá ní jàǹbá lọ́la, owó tó lọ ti lọ lónìí.

ÈYÍ TÓ KAN ÀWA FÚNRA WA

Ilé iṣẹ́ lè ṣe tirẹ̀, kí àwa sì jẹ́ kí olè gba ẹ̀gbẹ́ wa wọlé. Nítorí náà:

Bí a bá fẹ́ fún wọn ní ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀, ká kọ ọ́ sórí ẹ̀dà náà gan-an pé fún gbígba ṣọ́ọ̀bù nìkan ni, ká kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí a fún wọn. Ẹni tó bá jí i, á ṣòro fún un láti lò ó níbòmíràn.

Bí a bá lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti ya ìwé wa sínú kọ̀ǹpútà, ká má kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́ níwájú wa. Ẹ̀dà tó kù sórí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn wa lè rí i.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé pé àkáǹtì ti yí padà, ká má fèsì sí i, ká má sì pe nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú àgíríméǹtì la ó pè, tàbí ká fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì wọn.

Kí a tó tẹ owó lọ, ká wo orúkọ tó yọ lójú fóònù. Bí orúkọ kò bá bá ti inú àgíríméǹtì mu, ká dúró. Ẹni tí kò lè kà á, kó pe ọmọ tàbí aládùúgbò tó fọkàn tán. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí owó bá ti lọ, ká má jókòó sunkún. Ká pe báǹkì lójú ẹsẹ̀, ká lọ sí báǹkì fúnra wa, ká sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan níye lórí.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni pé ká má dá lọ. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Bí obìnrin kan ṣoṣo bá lọ béèrè irú ìbéèrè yìí, wọ́n lè ní ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, pé àwọn mìíràn ń dúró de ṣọ́ọ̀bù náà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo àwọn tó ń gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan náà bá jọ lọ, wọ́n á fi àga fún wa jókòó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

Kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ka ìwọ̀nyí sétí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n jọ dáhùn rẹ̀:

1. Kí ni ẹsẹ̀ méjì tí ewu ní?
2. Kí ló dé tí a fi sọ pé ilé tí olè ò tíì jà kọ́ ni ilé tó láàbò?
3. Nínú ìbéèrè márùn-ún, èwo ni a kò gbọ́dọ̀ fi àgbàdo mìíràn dí, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Ìwé wa wo ló wà lọ́wọ́ ẹni tí a gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí? Èwo la fẹ́ kí wọ́n pa rẹ́?

Ẹni tí ó bá ti fi àgbàdo ka ilé iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó mú iye tó rí wá sí ìpàdé, ká lè tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ajé á wọgbá o, olè ò ní bá wa pín in.

Àwa akọ̀wé ẹgbẹ́.